Tidjane Thiam, Haller àti Badmos: Ta ni Abidjan ń pè ní ọmọ rẹ̀, ìgbà wo ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀?

Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹrin, ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kan ní Abidjan pàṣẹ pé kí wọ́n yọ orúkọ Tidjane Thiam kúrò nínú ìwé orúkọ àwọn olùdìbò. Ohun tí ilé ẹjọ́ dì mú ni pé Thiam kì í ṣe ọmọ Côte d'Ivoire lásìkò tí ó fi orúkọ sílẹ̀, nítorí pé ó ti gba ìwé ọmọ ìlú Faransé ní ọdún 1987. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1961 lórí ọ̀rọ̀ jíjẹ́ ọmọ ìlú sọ ní abala 48 pé àgbàlagbà tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn ti sọ ti Côte d'Ivoire nù. Thiam ti jọ̀wọ́ ìwé ti Faransé náà ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ní ọjọ́ tí ó fi orúkọ sílẹ̀ ni àwọn ń wò.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé olùdìbò kò lè du ipò ààrẹ. Bí ilẹ̀kùn ṣe tì mọ́ olórí ẹgbẹ́ òṣèlú PDCI nìyẹn, ọ̀kan lára àwọn tí àwọn alátakò gbójú lé jù lọ láti bá Ààrẹ Alassane Ouattara figẹ̀ wọngẹ̀.

Nígbà tí BBC bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìdájọ́ náà, Thiam sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí ó ta gbogbo ọmọ Nàìjíríà létí. Ó ní bí a bá fẹ́ lo òfin náà fún gbogbo ènìyàn bí wọ́n ṣe lò ó fún òun, a jẹ́ pé Côte d'Ivoire ní láti dá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà padà fún Nàìjíríà, nítorí pé ìdajì àwọn tí ó gbà á kì í ṣe ọmọ Côte d'Ivoire.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀fẹ̀ lọ. Ó fọwọ́ kan ohun tí àwọn àjèjì àti àtọmọdọ́mọ àjèjì tí ń gbé Abidjan ti mọ̀ tipẹ́: ìlú náà kì í lọ́ra láti gba iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Ọjọ́ tí ẹni náà bá bèèrè fún àṣẹ ni wọ́n ń bèèrè ibi tí bàbá rẹ̀ ti wá.

Alẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè ìwé

Ó ṣòro fún ọmọ Nàìjíríà láti gbàgbé ọjọ́ 11, oṣù Kejì, ọdún 2024. Ní pápá ìṣeré Alassane Ouattara tí ó wà ní Ebimpé, létí Abidjan, William Troost-Ekong ló kọ́kọ́ fi orí gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n fún Super Eagles. Franck Kessié dá a padà. Nígbà tí ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eré parí, Sébastien Haller na ẹsẹ̀ síwájú agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn wa, bọ́ọ̀lù sì wọlé. Góòlù méjì sí ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí á wo ẹni tí ó gbá góòlù yẹn. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti bí Haller, ní Ris-Orangis, nítòsí Paris. Ọmọ Faransé ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Côte d'Ivoire. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Faransé kí ó tó yan ilé ìyá rẹ̀ ní ọdún 2020. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó wà létí pápá lọ́jọ́ náà, Emerse Faé, Nantes ni wọ́n ti bí òun náà. Òun ni wọ́n sáré gbé iṣẹ́ náà fún lẹ́yìn tí Equatorial Guinea fi góòlù mẹ́rin sí òdo fi ikọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, tí Jean-Louis Gasset sì kó ẹrù rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ènìyàn jó láti Yopougon dé Cocody. Ẹnikẹ́ni kò ka abala 48 sí Haller létí. Kò sì yẹ kí wọ́n kà á, nítorí pé ìbí ni ó fi ní ìwé Faransé tirẹ̀, kì í ṣe pé ó lọ tọrọ rẹ̀ bíi ti Thiam. Agbẹjọ́rò tí ó bá fẹ́ ṣe òdodo yóò gbà pé ẹjọ́ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń jó ní ìgboro kò mọ ìyẹn, kò sì sí èyí tí ó fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n rí ni pé Haller ti ṣe wọ́n lóore. Ní ọdún kan ààbọ̀ ṣáájú, àrùn jẹjẹrẹ ló ń bá fà á. Ọmọ wa ni, ó tán.

Thiam náà ti gbádùn irú ìyẹn rí. Abidjan ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1962. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹbí Félix Houphouët-Boigny, ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè náà. Bàbá rẹ̀, Amadou Thiam, tí wọ́n bí ní Senegal, jẹ́ akọ̀ròyìn tí ó di mínísítà ní Côte d'Ivoire. Ọmọ náà lọ sí École polytechnique ní Faransé, ó padà wálé, ó darí iléeṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó iṣẹ́ òde ńláńlá, ó sì di mínísítà lábẹ́ Henri Konan Bédié, títí tí àwọn ológun fi gba ìjọba ní oṣù Kejìlá, ọdún 1999. Nígbà tí ó di ọ̀gá àgbà Prudential ní London ní ọdún 2009, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò darí iléeṣẹ́ tí ó wà lára ọgọ́rùn-ún tí ó tóbi jù lọ ní ọjà ìpín ìdókòwò London. Ní ọdún 2015, ó tún gba ipò ọ̀gá àgbà ní báńkì Credit Suisse ní Switzerland. Ní gbogbo ìgbà yẹn, kò sí ẹni tí ó sọ pé kì í ṣe ọmọ Côte d'Ivoire. Ìwé Faransé tí ó gbà ní 1987 ṣì wà nínú àpò rẹ̀ nígbà náà.

Àwo orin tí Anango san owó rẹ̀

Bí a bá fẹ́ mọ bí Abidjan ṣe di Abidjan, ẹ jẹ́ kí á fi ìṣèlú sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí á wọ inú orin. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa Yorùbá gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú wa ló mọ̀ ọ́n.

Bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ti dàgbà ní Abidjan nípa orin tí àwọn ará Côte d'Ivoire lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé tiwọn ni, yóò dárúkọ ziglibithy fún ọ. Ernesto Djédjé ni ó dá a sílẹ̀, ọmọ Bété láti agbègbè Daloa, tí wọ́n bí ní ọdún 1947. Títí di àsìkò rẹ̀, orin Congo, orin Cuba, orin Ghana àti orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń jó jù ní àwọn ilé ijó Treichville. Djédjé mú ijó abúlé àwọn Bété, ó pò ó mọ́ gìtá àti fèrè ìgbàlódé, ó sì kọ ọ́ ní èdè ìyá rẹ̀. Àwo orin tí ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni Ziboté, tí ó jáde ní ọdún 1977.

Lagos ni wọ́n ti gba ohùn àwo orin náà sílẹ̀, ní iléeṣẹ́ EMI. Ẹni tí ó sì gbé e jáde ni Raïmi Gbadamassi, tí gbogbo onífáàjì Abidjan mọ̀ sí Badmos. Badmos ni orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára àwo náà.

Ẹ tún orúkọ yẹn pè. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ Yorùbá kò nílò kí a túmọ̀ Gbàdàmọ́sí fún un. Ní Abidjan, "Anango" ni wọ́n ń pe irú wa: ẹni tí ń ta ohun èèlò ọkọ̀, ẹni tí ń ta abọ́ àti ìkòkò, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kì í tì títí ilẹ̀ fi ṣú. Nínú irú òwò bẹ́ẹ̀ ni Badmos ti ń ta àwo orin, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ara rẹ̀ gbé àwọn olórin jáde. Èyí túmọ̀ sí pé orin tí Côte d'Ivoire kọ́kọ́ fi yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, owó Anango ló gbé e jáde, ẹ̀rọ Lagos ló gba ohùn rẹ̀, ọmọ Bété ló sì kọ ọ́. N kò sọ èyí láti gba ògo Djédjé fún ara wa. Orin rẹ̀ ni, ó sì kú ní ọdún 1983 láì tíì pé ọmọ ogójì ọdún, tí gbogbo orílẹ̀-èdè sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí orúkọ Badmos wà nínú ìtàn náà ju ibi tí ó wà lọ, ìyẹn ẹ̀yìn páálí àwo orin.

Irú Badmos pọ̀. Manu Dibango, ọmọ Cameroon, ni wọ́n pè wá darí ẹgbẹ́ olórin iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Côte d'Ivoire ní nǹkan bí ọdún 1975. Salif Keita àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Les Ambassadeurs sá kúrò ní Mali wá sí Abidjan ní ọdún 1978. Werewere Liking, ọmọ Cameroon mìíràn, dá abúlé àwọn òṣèré Ki-Yi sílẹ̀ ní Abidjan ní ọdún 1985, ó sì ń gba àwọn ọmọ tí kò rí ilé ẹ̀kọ́ lọ, ó ń kọ́ wọn ní ijó, orin àti eré oníṣe. Nínú àgbàlá yẹn ni Dobet Gnahoré ti kọ́ṣẹ́, ọmọ Côte d'Ivoire tí ó gba àmì ẹ̀yẹ Grammy ní ọdún 2010.

Láti 1958 títí di ònìí

Bí ilé náà ṣe gba àlejò tó, ó ti lé àlejò rí. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1958, kí orílẹ̀-èdè náà tó gba òmìnira, àwọn jàǹdùkú kọlu àwọn ará Dahomey, tí a ń pè ní Benin lónìí, àti àwọn ará Togo ní Abidjan. Àwọn wọ̀nyí ni akọ̀wé, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí àwọn amúnisìn kó wá. Ẹgbẹ́ àwọn onílẹ̀ kan sọ pé wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìlú. Wọ́n fọ́ ilé wọn, wọ́n kó wọn jọ sí èbúté, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn padà sí ìlú wọn.

Lẹ́yìn òmìnira, Houphouët-Boigny ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Ó nílò apá tí yóò gbin kòkó àti kọfí, àwọn ará Burkina Faso, Mali àti Guinea sì rọ́ wá. Ètò ìkànìyàn ọdún 2021 ka mílíọ̀nù 29.4 ènìyàn ní Côte d'Ivoire, àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìlú sì tó ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ará Burkina Faso ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kà sí àjèjì yìí, orí ilẹ̀ Côte d'Ivoire ni wọ́n bí wọn sí.

Ibi tí kókó wà nìyí. Ní Côte d'Ivoire, ẹ̀jẹ̀ ni òfin ń wò, kì í wo ibi tí wọ́n ti bíni. Òfin 1961 ti fi àyè kékeré sílẹ̀ fún ọmọ àjèjì tí wọ́n bá bí síbẹ̀ láti bèèrè fún ìwé ọmọ ìlú, ṣùgbọ́n wọ́n dí àyè náà pa nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe ní ọdún 1972. Ó di ọdún 2013 kí wọ́n tó tún ṣí i díẹ̀, fún àwọn tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí òmìnira kò tíì dé, àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ láti òpin ọdún 1961 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1973, àti àwọn ọmọ wọn. Ọdún méjì péré ni wọ́n fún wọn láti wá sọ ọ́, àkókò náà sì ti kọjá.

Ẹni tí ó bá mọ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yóò mọ ohun tí èyí já sí. Ìlú tí a ti ń gbọ́ Faransé ní ọjà ni Èjìgbò, nítorí Abidjan. Bàbá àgbà lọ, ó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní Treichville tàbí Adjamé. Bàbá gba ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Faransé, ó ń sọ nouchi, èdè ìgboro àwọn ọ̀dọ́ Abidjan, ju Yorùbá lọ. Síbẹ̀ ìwé àlejò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá wá sí Èjìgbò fún ọdún, wọ́n á pè é ní ará Côte d'Ivoire. Bí ó bá padà sí Treichville, Anango ni. Bí ilé ti mọ́ ọn lára tó, kò lè dìbò níbẹ̀.

Àwọn tí wọ́n sọ òótọ́ tí wọ́n fi sá kúrò nílé

Ẹni tí ó bá sì jẹ́ ọmọ ìlú láìsí àríyànjiyàn, ó lè di àjèjì bí ẹnu rẹ̀ bá mú jù. Ahmadou Kourouma, tí wọ́n bí ní ọdún 1927 ní ìhà àríwá, lọ sẹ́wọ̀n ní ọdún 1963 nígbà tí Houphouët-Boigny ń fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan àwọn ènìyàn. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Les Soleils des indépendances, ó gbé e kiri lọ́dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé Faransé, wọn kò gbà á. Montreal ní Kánádà ni ó ti kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1968. Nígbà tí ó kọ eré oníṣe kan tí wọ́n ṣe ní Abidjan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró, òun náà sì kó jáde. Iṣẹ́ adójútòfò ni ó ṣe ní Yaoundé àti ní Lomé, níbi tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá, láti 1984 sí 1994. Àwọn ará wa ní Lomé yóò rántí pé Kourouma ti jẹ́ aládùúgbò wọn.

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2002, Kourouma bẹnu àtẹ́ lu ivoirité, ìyẹn èrò tí Bédié gbé kalẹ̀ láti ya ọmọ onílẹ̀ gidi sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù. Àwọn alátìlẹ́yìn ìjọba ní ọlọ̀tẹ̀ ni. Lyon ni ó kú sí ní oṣù Kejìlá, ọdún 2003. Ó di ọdún 2014 kí wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ wálé. Ọdún mọ́kànlá.

Ìtàn Bernard Dadié yàtọ̀. Òun ní tirẹ̀ gba ọlá nígbà tí ó wà láàyè. Wọ́n bí i ní Assinie ní ọdún 1916; àwọn Faransé jù ú sẹ́wọ̀n ní Grand-Bassam ní ọdún 1949 pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àwọn obìnrin láti Abidjan wọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n náà láti béèrè fún wọn. Dadié di mínísítà ọ̀rọ̀ àṣà láti 1977 sí 1986, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ ńlá lítíréṣọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọdún 2016, nígbà tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó ṣì fi orúkọ rẹ̀ síwájú ìwé ẹ̀bẹ̀ kan pé kí wọ́n dá Laurent Gbagbo sílẹ̀ ní Hague. Ìjọba Ouattara kò lè sọ ọ́ di àjèjì. Nígbà tí ó kú ní oṣù Kẹta, ọdún 2019, ẹni ọdún 103, ìjọba tí kò fẹ́ran ìwé ẹ̀bẹ̀ náà ló ń sunkún rẹ̀. Ó dá mi lójú pé orúkọ ìdílé àti ibi tí ó ti wá ràn án lọ́wọ́: ọmọ gúúsù ni, láti etí òkun, kò sí ẹni tí ó lè wo orúkọ rẹ̀ kí ó sọ pé Mali ni ó ti wá. Orúkọ tí Kourouma ń jẹ́ kò fún un ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fi òfin náà lù rí

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ Thiam rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni ẹni tí ó wà lórí àlééfà nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n fi ìbéèrè "ọmọ ta ni ọ́?" dà láàmú tó Alassane Ouattara. Dimbokro ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1942. Ó ṣe olórí ìjọba lábẹ́ Houphouët-Boigny láti 1990 sí 1993. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ di ààrẹ, òfin ìdìbò ọdún 1994 dé, tí ó ní bàbá àti ìyá olùdíje gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Côte d'Ivoire. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní Burkina Faso ni ilé bàbá rẹ̀. Kò lè díje ní 1995. Ní ọdún 2000, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ yọ ọ́ pẹ̀lú àwọn mẹ́tàlá mìíràn nínú olùdíje mọ́kàndínlógún. Ìbínú àwọn ará àríwá lórí ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí ó bí ogun ọdún 2002. Èyí tí ó tẹ̀ lé ìdìbò ọdún 2010 nìkan pa ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn lọ.

Ní ọdún 2016, lábẹ́ ìṣàkóso Ouattara, ìwé òfin tuntun tú ìdè náà díẹ̀: ó ti tó kí ọ̀kan nínú òbí méjèèjì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé olùdíje kò gbọ́dọ̀ ní ìwé orílẹ̀-èdè mìíràn rárá. Àwọn agbátẹrù ìjọba ní ilé ẹjọ́ ló dájọ́, kì í ṣe ààrẹ, òfin sì ni òfin. Òótọ́ ni pé abala 48 ti wà láti 1961. Òótọ́ náà ni pé ó sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí àwọn ènìyàn ńlá ní Abidjan ń mú ìwé ìrìnnà méjì rìn. Ọjọ́ tí wọ́n jí i ni mo rò pé ó yẹ kí á bi ara wa nípa rẹ̀.

Didier Drogba pàápàá tọ́ díẹ̀ wò nínú èyí. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2005, lẹ́yìn tí ikọ̀ náà na Sudan ní Omdurman tí wọ́n sì gba tíkẹ́ẹ̀tì ife ẹ̀yẹ àgbáyé, ó kúnlẹ̀ níwájú kámẹ́rà, ó bẹ àwọn ará ilé pé kí wọ́n ju ìbọn sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2007, wọ́n gbé eré Madagascar lọ sí Bouaké, olú ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ di ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní ọdún 2022, ìpele àkọ́kọ́ ni ó já. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè ibi tí bàbá rẹ̀ ti wá. Wọ́n kàn ní àwọn tí wọ́n wà nílé ló mọ bí wọ́n ṣe ń darí ilé.

Èbúté mìíràn ní Wales

Abidjan nìkan kọ́ ni èbúté tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Cardiff, olú ìlú Wales, ti rí i ṣáájú. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 1919, àwọn aláwọ̀ funfun kọlu àwọn atukọ̀ aláwọ̀ dúdú àti Lárúbáwá ní etí omi Cardiff, ènìyàn mẹ́ta sì kú. Ní àdúgbò etí omi yẹn kan náà, Tiger Bay, ni wọ́n ti bí Shirley Bassey ní ọdún 1937. Atukọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ England. Bí a bá fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ wọ̀n ọ́n, kò sí òbí rẹ̀ kan tí ó jẹ́ ọmọ Wales. Síbẹ̀ ní ọdún 1999, aṣọ tí wọ́n fi àsíá Wales ṣe ni ó wọ̀ kọrin fún àwọn ará ilẹ̀ náà, wọ́n sì ń fi í yangàn dòní.

Olórin ni Bassey, a lè sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Abidjan ṣe gba ti Badmos. Ti Vaughan Gething ni ó jọ ti Thiam. Lusaka ní Zambia ni wọ́n bí i sí, ọmọ Zambia ni ìyá rẹ̀. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2024, ó di olórí ìjọba Wales. Kò pẹ́ lórí oyè: oṣù Keje ọdún kan náà ni ó kéde pé òun yóò fi ipò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè nípa owó tí ó gbà fún ìpolongo rẹ̀ wà lára ohun tí ó gbé e ṣubú. Ibi tí wọ́n bí i sí kò sí lára ẹ̀sùn náà. Bí olóṣèlú ṣe yẹ kí ó ṣubú nìyẹn, bí yóò bá ṣubú.

Kí ọmọ Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Abidjan ṣẹ̀sín, ó yẹ kí á rántí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará wa ni Ghana lé ní òpin ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé kó jáde. Nàìjíríà náà san án padà ní oṣù Kìíní, ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Shagari lé àwọn ará Ghana. Orúkọ àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ṣì wà lẹ́nu wa, à ń fi í ṣe àwàdà.

Ní Abidjan, oṣù Kẹwàá ọdún 2025 kún fún iṣẹ́. Ní ọjọ́ 14, ikọ̀ Côte d'Ivoire na Kenya ní góòlù mẹ́ta sí òdo, wọ́n gba tíkẹ́ẹ̀tì ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 2026, Faé tí wọ́n bí ní Nantes ṣì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ní ọjọ́ 25, wọ́n dìbò yan ààrẹ. Orúkọ Thiam kò sí lórí ìwé ìdìbò, ti Gbagbo náà kò sí. Ouattara gba ìdá 89.77 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, ó sì wọlé fún sáà kẹrin. Àwọn ọmọ Anango tí wọ́n bí sí Treichville pa ṣọ́ọ̀bù wọn dé lọ́jọ́ náà, wọ́n ń wo èsì lórí tẹlifíṣọ̀n.